Àwọn Tí À Ń Pè Ní Wọ́n

Bàámi ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ẹnu ti yà mí, kò sì tíì padé títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó ti lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ni, tàbí sí lánlọ́ọ̀dù, tàbí sí àna tó ń bínú, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni, ogún ìṣẹ́jú ni màá fi tẹ̀ ẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ni ín buwọ́ lù ú kó máa lọ. Èyí ni n kò rí ibi tí màá kọ àdírẹ́sì sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu.

Oṣù kẹjọ rèé tí a ti sin yín. Lánlọ́ọ̀dù yín ní Lásunwọ̀n ṣe sùúrù fún wa, àmọ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ kun yàrá náà fún ẹlòmíràn, mo bá lọ kó ẹrù yín. Ẹrù tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Rédíò kékeré tí ẹ fi rọ́bà dè lẹ́yìn wà níbẹ̀, àti awò ojú yín, àti aṣọ ìyá mi méjì tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Mo fa àpótí onírin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ìwé ilẹ̀ Ìsẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Èsáásíìsì búùkù mọ́kànlá ni mo bá, ẹ fi okùn dì wọ́n, ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní àkọsílẹ̀ kóòtù ni, torí ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ fi ṣe ògbufọ̀, tí ẹ ń sọ Yorùbá àwọn ẹlẹ́jọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́, tí ẹ tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì adájọ́ di Yorùbá fún wọn. Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí ti àkọ́kọ́.

"Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará ayé mìíràn sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀sà ní Ijede, àwọn apẹja kọ́kọ́ rò pé kùrukùru ni."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò, ọwọ́ yín ni, pẹ̀lú 'g' yín tí ìrù rẹ̀ máa ń gùn wọ ìlà kejì. Ẹ̀yin, Bàámi? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa tẹlifíṣọ̀n bí a bá ń wo fíìmù tí nǹkan ti ń fò lójú ọ̀run, tí ẹ ní irọ́ tí kò nídìí ni? N kò rí i kí ẹ ka ìtàn rí, ìwé ìròyìn àti Bíbélì ni. Èmi tí mò ń tẹ ìwé fún ìdajì Ìkòròdú, n kò mọ̀ pé òǹkọ̀wé wà nílé wa, tó ń fi báírò kọ ọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Mo rò pé mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo já. Mo mọ̀ pé ẹ kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àní nínú ilé. Bí ìyá mi bá bínú tí wọ́n ní "Ó dáa," ẹ ó húkọ́, ẹ ó wá sọ fún mi pé ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ ni pé kò dáa rárá. Mo mọ̀ pé gbogbo Sátidé lẹ máa ń lọ ra ẹja ní Ijede, bí ẹni pé ẹja ò sí ní Ìkòròdú, tí ìyá mi á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ẹ kúkú mú ìyàwó yín ti Ijede wálé ká mọ̀ ọ́n. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo sì mọ̀ yín mọ́ ọ̀rọ̀ "ẹ", èyí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ yín mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo bi ọmọ Ìyá Sùlìá pé "Ṣé o ti jí?" Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ. Pàṣán lẹ kọ́kọ́ fi na ẹnu mi, ẹ wá ní kí n kúnlẹ̀ títí ìyá mi fi se oúnjẹ jinná. Ẹ ní ọmọ tí kò bá mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ, ẹranko ni, ìrù ló kù. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fi oṣù kan jù mí lọ, ẹ ni mo máa ń pè é. Ẹ̀yin ní tiyín, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí sí ẹnikẹ́ni tó kéré sí yín, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe àwọn ìyàwó àbúrò yín.

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ rọ́ ìwé yín fún ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́. Bí n kò bá rọ́ ọ, mi ò ní gbà pé òótọ́ ni mo kà á.

Àwọn àlejò yẹn kò lójú, wọn kò lápá. Ẹ ní wọ́n dà bí ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò omi gbígbóná. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi dúró lórí ọ̀sà, wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, wọ́n kàn ń tẹ́tí sí bí àwọn ará Ijede ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì wọ́n fọhùn. Yorùbá ni wọ́n sọ, àmọ́ ó wọ́ débi pé kò yé ẹnikẹ́ni àfi ọkùnrin kan ṣoṣo, ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kò fún un lórúkọ, Ògbufọ̀ lẹ pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àlejò ní ayé àwọn ti run, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àwọn fẹ́ mú díẹ̀ nínú nǹkan tiwa lọ tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èèwọ̀ àwọn ni kí àwọn mú èèyàn. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ Ògbufọ̀ bí àwọn ṣe lè mọ èèyàn yàtọ̀ sí nǹkan.

Ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín, torí ohùn yín ni mo gbọ́. Ògbufọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó na àyà jáde, ó ní: "Ẹ ṣáà tẹ́tí dáadáa. Ọmọ Yorùbá kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn gidi, wọ́n là ń pè wọ́n."

Àwọn àlejò dúpẹ́. Ìlú náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa mú nǹkan. Wọ́n mú ewúrẹ́, wọ́n mú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n mú àwo àti àga. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n mú ọmọ ọwọ́ kan lórí ẹní. Wọ́n mú ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Wọ́n mú gbogbo ọmọ kíláàsì kan, wọ́n fi tíṣà sílẹ̀.

Ìlú figbe ta. Àwọn àlejò kò mọ ohun tí àwọn ṣe. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ báyìí: "Ewúrẹ́ jẹun, ẹ ní ó jẹun. Àga ṣubú, ẹ ní ó ṣubú. Ọmọ jẹun, ẹ ní ó jẹun. Baálẹ̀ jẹun, ẹ ní wọ́n jẹun. Ogójì ọjọ́ la fi gbọ́ ọ. A kò mú ẹyọ èèyàn kan."

Mo pa ìwé dé, mo jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ lánlọ́ọ̀dù kọjá pẹ̀lú korobá omi, mo fẹ́ bi í pé "Ṣé o ti dé?", mo kàn yà fún un lọ́nà. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mò ń lò fún àga ni mò ń lò fún ọmọ tí mo bí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé àga àti ọmọ jókòó pọ̀ lẹ́nu mi.

Mo padà wọlé, mo kà á lọ. Àwọn àlejò kò bínú. Wọ́n ní àṣìṣe ni, àwọn máa dá gbogbo ohun tí kì í ṣe nǹkan padà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún ìlú. Kí àgbà tó bá ní èèyàn lọ́dọ̀ àwọn wá sí etí ọ̀sà, kí ó dárúkọ onítọ̀hún, kí ó bá a sọ̀rọ̀ ní gbangba bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: ẹ ni kí ó pè é, kì í ṣe o. Ìyẹn nìkan. Wọn kò béèrè ẹran, wọn kò béèrè ẹ̀jẹ̀.

Ta ló máa rò pé èyí á ṣòro? Ẹ̀yin lẹ rò ó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìyá ọmọ ọwọ́ yẹn sáré dé etí omi, ó ní, "Ẹ máa bọ̀, ọkọ mi, ẹ wá mu ọmú," ọmọ sì wà lápá rẹ̀ kí ó tó pa ẹnu dé. Àmọ́ àwọn yòókù ń kó ẹsẹ̀ jọ. Ìyá ọkọ ìyàwó tuntun ní kàkà kí àwọn pe ìyàwó ilé ní ẹ, àwọn á fẹ́ òmíràn fún ọmọ àwọn. Bàbá kan ní bí a bá pe ọmọ ní ẹ lónìí, kí ni ọmọ máa pe bàbá lọ́la? Wọ́n pe ìpàdé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹ, wọ́n yan alága, wọ́n yan akọ̀wé, àwọn ọmọ kíláàsì yẹn sì wà lórí omi. Inú bí mi sí wọn débi pé mo ń bá ìwé sọ̀rọ̀. Inú bí mi sí ẹ̀yin náà, torí bí mo bá ní kí n fi ẹnìkan jókòó nípàdé yẹn, ẹ̀yin ni màá fi síwájú.

Ìwé kọkànlá ni ọjọ́ keje. Àwọn àgbà kan ti pe ọmọ wọn, àwọn kan ti lọ sílé lọ sùn. Ògbufọ̀ wà létí omi. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ tà á. Ó dárúkọ rẹ̀. Orúkọ mi ni, Bàámi. Ẹ kò yí i padà, ẹ kò gé e kúrú. Oòrùn ń wọ̀. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó la ẹnu.

Ó tán síbẹ̀. Kì í ṣe pé bébà tán o, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́kù ní funfun. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbọn ìwé, mo tún wo inú àpótí. Ṣé ó pè é? Ṣé ẹ jẹ́ kí n padà wálé, àbí ẹ fi mí sílẹ̀ sórí omi?

Ibẹ̀ ni ọsibítù ti wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ yín, ẹnu yín wúwo, àmọ́ a ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo gbé ògì wá. Ẹ wò mí, ẹ húkọ́, ẹ ní, "Ẹ káàárọ̀." Mo wẹ̀yìn wò. Mo rò pé dókítà ló ń wọlé bọ̀. Kò sẹ́ni lẹ́yìn mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàámi, èmi ni o." Ẹ ní, "Mo mọ̀. Ẹ jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójoojúmọ́. Ẹ ti jẹun? Ẹ kú wàhálà mi. Ẹ bá mi gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta n kò rẹ́rìn-ín mọ́, mo bọ́ sí ìta lọ sunkún. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín bi yín pé ta ni mí. Ẹ dárúkọ mi, ẹ fi oríkì mi kún un, ẹ ní, "Ọmọ mi ni." Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Kò tó mi. Ẹni tó na ẹnu mi nítorí ẹ, tó wá ń pe èmi gan-an ní ẹ, mo ti pinnu pé ọpọlọ rẹ̀ ti lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Ẹ dákun, ẹ gbé mi lọ sí Ijede." Mo ní a máa lọ lọ́la, bí a ṣe ń tan ọmọdé tó ń sunkún. Mo wá yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo sọ ohun tí mo sọ. N kò fẹ́ kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, kí ni mo jókòó ṣe? Mo ní: "Ẹ má dá a lóhùn. Kò mọ nǹkan tó ń sọ mọ́. Ó ti lọ."

Ó, Bàámi. N kò sọ pé wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ó ni mo sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fíríìjì tó bàjẹ́. Ẹ̀yin sì wà níbẹ̀, ojú yín là sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, ẹnu mi kò ṣèèṣì rí nípa yín. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ sọ mí di èèyàn ni mo sọ yín di nǹkan.

Ẹ wò mí títí. Ẹ ní, "Ẹ má sunkún." Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń tẹ ìwé kan fún obìnrin kan tó ń kánjú, nígbà tí fóònù dún. Mo tẹ ìlà tó kù tán kí n tó gbé e. Ìyẹn náà wà lọ́kàn mi.

N kò lè dá ìwé mọ́kànlá yẹn rù. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn ti fi báírò pupa kọ ọ́ pé, "Mo ti kà á. Máa bá a lọ." Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, Àlàájì Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù kan náà tí ẹ ti ń túmọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo di ìwé sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ gba Ìtòikin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá wọn lórí àga létí ọ̀sà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo àpò tí mo gbé, wọn kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ṣé ó parí ẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, sà. Ó ku díẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní lè parí ẹ̀."

Mo gbọ́ "ó" tí wọ́n pè yín yẹn lẹ́nu wọn, kò dùn mí. Ó ti ọ̀rẹ́ ni. Kò jọ tèmi.

Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n wá sọ ohun tí ẹ kò sọ fún mi láyé yín. Mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà náà, iṣẹ́ kóòtù ṣì tuntun lọ́wọ́ yín. Ìyàwó ilé kan dúró níwájú adájọ́, ó ń sọ ohun tí bàbá ọkọ rẹ̀ ṣe fún un. Ó ní: "Wọ́n lù mí. Wọ́n da ẹrù mi síta. Wọ́n sun aṣọ mi." Bàbá nìkan ló ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, báwo ló ṣe máa pe bàbá ọkọ ní ó? Ẹ̀yin dìde, ẹ húkọ́, ẹ sì sọ fún adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ló lù ú. Adájọ́ ní kí ó tọ́ka sí wọn. Bàbá ọkọ àti ìyá ọkọ jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan. Ìyàwó na ọwọ́, ó ní, "Àwọn nìyẹn." Ẹ tún túmọ̀ ìyẹn náà.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ìyá ọkọ náà sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú bàbá. Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi yín pé kí ni adájọ́ wí, ẹ̀yin náà lẹ sì túmọ̀ ìdájọ́ fún wọn.

"A ò tíì dé ẹnu géètì," ni Àlàájì wí, "tí ìyàwó yẹn fi sáré bá wa. Ó ń sunkún pé ìyá kọ́ o, bàbá nìkan ni, ta ló dárúkọ ìyá? Bàbá ẹ wò mí. Èmi náà wò ó. Tá a bá padà wọlé lọ sọ fún adájọ́, iṣẹ́ lè bọ́. Èmi tí mo kọ ọ́ sílẹ̀, òun tó sọ ọ́. Àwa méjèèjì la dákẹ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé òun nìkan ni."

Mo bi wọ́n pé ará ibo ni ìyá náà. Kí wọ́n tó dáhùn ni mo ti mọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n, ní Ijede.

Gbogbo Sátidé, Bàámi. Gbogbo ẹja tí mo jẹ dàgbà. Ẹ ń lọ dúró níwájú igbá ìyá yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ń ra ẹja, ẹ sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà padà wá sílé, títí ìyá ẹlẹ́ja náà fi kú láìgbọ́ ọ. A ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ìyàwó. Báwo lẹ ṣe ń gbé òkèlè yẹn mì? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ìyá mi, ó kéré tán? N kò mọ̀ bóyá inú ń bí mi sí yín tàbí àánú yín ló ń ṣe mí. Méjèèjì ni. N kò ní purọ́ fún yín.

Mo bi Àlàájì pé kí ló dé tí ìwé kò fi tán. Wọ́n fi tẹ̀súbáà sórí itan.

"Mo bi í léèrè. Ó ní òun ò lè kọ ọ́. Ó ní ẹnu òun ò sọ ọ́ sí ọmọ kankan rí, òun ò mọ bó ṣe máa ń dún, òun ò sì fẹ́ túmọ̀ ohun tí òun ò gbọ́ mọ́ láyé òun. Ó ní òun á kọ́kọ́ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò lára ọmọ òun. Tó bá ti jáde lẹ́nu òun, òun á kọ ọ́, òun á sì lọ bá àwọn ọmọ ìyá yẹn ní Ijede." Wọ́n wo ojú mi. "Ṣé ó gbìyànjú ẹ̀?"

Mo fi orí lé orúnkún níwájú àgbà, mo sunkún bí ọmọdé, Àlàájì kò sì sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tó yá mo sọ fún wọn. Mo sọ ti ẹ káàárọ̀, mo sọ ti ẹ jókòó. Mo sọ tèmi náà, ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó gbọ́ ọ, kò sì bínú. Ẹni tó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ yẹn lò rí, kì í bá ẹlòmíràn jà lórí ẹ̀." N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí wọ́n kàn ń ṣàánú mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ní àná, ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń tẹ ìwé kìn-ín-ní yín sórí kọ̀ǹpútà, Àdùkẹ́ ọmọ mi wọlé láti ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni báyìí, ó ti gbìyànjú láti bó ọsàn bí tiyín, èèpo ń já lọ́wọ́ rẹ̀. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ pé màá húkọ́. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ó wẹ̀yìn wò. Ó tún yíjú sí mi, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́mì, ta lẹ̀ ń kí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, Bàámi. Ojú tì mí, ọrùn mi gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo sọ pé mo ṣi ẹnu ni. Èmi tí ẹnu mi yá, tí rọpárọsẹ̀ kò mú. Ẹ̀yin sì ń fi ẹnu tó ti wúwo sọ ọ́ láàárọ̀ lọ́sàn-án fún ẹni tó ń fi yín rẹ́rìn-ín, tó ń fi yín sunkún, tó wá pè yín ní ó. Ẹ kò ṣíwọ́. Mo pe ọmọ náà wá sára mi, mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Òní ni Sátidé. Tí mo bá parí ìwé yìí, Ijede ni mò ń lọ. Ọmọ ìyá yẹn ṣì ń ta ẹja níbẹ̀, Àlàájì júwe wọn fún mi, Àlàájì sì ní àwọn náà máa bá mi níbẹ̀, torí àwọn náà dákẹ́. N kò mọ ohun tí ọmọ ìyá yẹn máa ṣe fún wa. Wọ́n lè lé wa, wọ́n sì jàre. N kò ní túmọ̀ nǹkan kan, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ má bínú, mo ti parí ìwé yín. Ìlà díẹ̀ ni mo kọ, mo fi báírò kọ ọ́ sí ojú ewé funfun àkọ́kọ́, mo fi àwọn yòókù sílẹ̀. N kò hùmọ̀ nǹkan kan níbẹ̀, mo kọ ohun tí mo rí ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ:

"Ẹ máa bọ̀ nílé," ni Ògbufọ̀ wí.

Kùrukùru ká kúrò lórí omi, ọmọbìnrin náà sì wà létí ọ̀sà, bàtà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé àgbà kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn. Wọ́n wẹ̀yìn wò. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ẹ káàárọ̀, Bàámi. Mo ti wá mọ̀ pé èmi lẹ ń kí.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kún ọkàn rẹ̀